Ohun Tí Ààtàn Àbẹ̀ẹ́bí Kò Lè Jẹ

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn kò tíì rí sítíkà ara ápù.

Àbẹ̀ẹ́bí, opó Rùfáì télọ̀, ló lè jẹ́rìí sí i, nítorí pé kò sí ohun tí kò tíì fún ààtàn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ jẹ rí. Ilé rẹ̀ wà láàárín ìgboro Ọ̀wọ̀, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kékeré kan, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú rẹ̀ nígbà tí Rùfáì ṣì ń rí aṣọ rán. Nígbà tí Rùfáì kú, ohun tó fi sílẹ̀ fún un ni ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lábísí, àti ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tó le bí ojú títì. Ẹ̀rọ náà kò gbọ́ àtúnṣe. Ilẹ̀ náà gbọ́, ṣùgbọ́n kò tètè gbọ́.

Ilẹ̀ tó bá le, oúnjẹ ni kí a máa fún un. Bí Àbẹ̀ẹ́bí ṣe rí i nìyẹn. Láràárọ̀, bó bá ti kírun àsùbáà tán, á gbé bàsíà rẹ̀, á yí àdúgbò po láti ẹ̀yìn ilé kan sí èkejì, á máa kó ohun tí wọ́n bá gbé síta fún un: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háhá àgbàdo, èèpo ẹyin, ìyẹ́ adìẹ, ẹ̀bà àná tí ajá kọ̀. Bó bá délé, á fi àdá gé wọn wẹ́wẹ́, á bu eérú sí i, á wọ́n omi lé e, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó bí ẹni tó ń se mọ́ínmọ́ín. Bó bá ṣe díẹ̀, á fi ṣọ́bìrì yí i, á tún bò ó. Nígbà tó bá yá, gbogbo rẹ̀ á di ilẹ̀dú, á rọ̀, á máa ta òórùn òjò àkọ́rọ̀. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìnkùlé ni Àbẹ̀ẹ́bí máa ń mú un lọ kó tó fún un ní omi mu. Á bu ilẹ̀ náà sọ́wọ́, á ní kí àlejò gbóòórùn rẹ̀. Àwọn kan kì í padà wá.

Orí ilẹ̀dú yìí ni tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ rẹ̀ ti ń hù. Lábísí ló ń gbé e lọ sí Ọjà Ọba, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ Veronica ló ń já sí. Veronica ló ni ilé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, níbi tí àwọn awakọ̀ Ùsọ àti ti Ìkàrẹ́ ti ń jẹ iyán kí wọ́n tó gbéra. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu obìnrin náà. Ohun kan ṣoṣo tó tíì sọ láti fi yin ẹ̀fọ́ yìí ni pé kò ní iyanrìn. Àbẹ̀ẹ́bí gbé gbólóhùn yẹn káàkiri àdúgbò títí ó fi sú àwọn ènìyàn.

Nínú gbogbo ilé tó ń yà, kò sí ibi tí bàsíà rẹ̀ ti ń kún bíi ilé Akínwọlé. Iṣẹ́ ìjọba ni ọkọ ń ṣe ní Àkúrẹ́, ọjọ́ Ajé ni í lọ, ọjọ́ Ẹtì ni í bọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Olúfúnmilọ́lá, ni igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan. Mísìs Akínwọlé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àbẹ̀ẹ́bí nìkan ló ń pè é ní Tíṣà, tí kì í sì í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé Rùfáì ló rán aṣọ ilé ìwé tí obìnrin náà kọ́kọ́ wọ̀ láyé, Àbẹ̀ẹ́bí ló sì di bọ́tìnnì rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé e. Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ń lọ. Bí wọ́n bá ṣe ìkórè, ìrẹsì á wá láti ọ̀dọ̀ wọn. Bó bá sì di iléyá, ẹran á ti ọ̀dọ̀ Àbẹ̀ẹ́bí kọjá sọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, kò sì sí ìjà.

Ní nǹkan bí ọdún 1996 ni Christopher, àkọ́bí wọn, ríṣẹ́ sí èbúté Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ápù wálé ní páálí. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Tíṣà, tó gbà pé ọwọ́ tó ti kan ápù láti òkè òkun wá pọ̀ jù, kì í jẹ ẹ́ láìbó èèpo rẹ̀. Èèpo náà á wá sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdọ̀tí, sítíkà kékeré kan á sì lẹ̀ mọ́ ọn, kò tóbi ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ, pẹ̀lú àwòrán kan àti nọ́ńbà mẹ́rin.

Èèpo ápù kò yọ ààtàn lẹ́nu. Ìyẹ́ adìẹ pàápàá, tó máa ń ṣagídí, á gbà nígbẹ̀yìn. Sítíkà kò gbà. Òjò pa á, oòrùn pa á, kòkòrò yà fún un. Ilẹ̀dú á ti dúdú bí kóró iṣin, bí Àbẹ̀ẹ́bí bá bù ú sọ́wọ́, sítíkà á máa wò ó láàárín rẹ̀, á máa dán bí ọjọ́ tó dáyé. Ó ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì, ó ń lẹ̀ mọ́ èékánná. Bó bá ṣí i kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún, á bọ́ sí ọwọ́ òsì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọ̀kan bá a dé mọ́ṣáláṣí ní gìgísẹ̀. Obìnrin tó kírun lẹ́yìn rẹ̀ sọ fún un nígbà tí wọ́n ń jáde pé òun kò mọ iye rákà tí òun ti kí mọ́.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí kò kàn sọ fún Tíṣà kó máa ṣí i kúrò. Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ará ibí. Ìdọ̀tí ilé ẹni kì í ṣe ohun tí à ń jíròrò. Irun orí ń bẹ níbẹ̀, èékánná ń bẹ níbẹ̀, àkísà ń bẹ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ ohun tí ọ̀tá lè fi irun orí ṣe. Ẹni tó bá gbé ìdọ̀tí rẹ̀ fún ọ, ó fọkàn tán ọ ni, ó sì gbà pé o ò ní wo inú rẹ̀. Bí Àbẹ̀ẹ́bí bá wá lọ sọ pé òun rí nǹkan báyìí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti jẹ́wọ́ pé òun ń wò ó nìyẹn. Nítorí náà ó dákẹ́, ó ń ṣa sítíkà, ó ń kó o sínú agolo mílíìkì.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ bẹ́ẹ̀ ká ní ọ̀kan kò lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé tẹ̀tẹ̀. Ó dé inú ìkòkò Veronica, ó ti ibẹ̀ dé inú àwo awakọ̀ kan. Awakọ̀ náà jẹ ẹ́ títí, kò lọ. Ó rò pé pọ̀nmọ́ ni, inú rẹ̀ sì ti ń dùn, nítorí pé kò béèrè pọ̀nmọ́. Nígbà tó yọ ọ́ jáde tó rí nọ́ńbà lára rẹ̀, ó gbé àwo náà lọ bá Veronica, Veronica sì gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Àbẹ̀ẹ́bí.

"Ìyé," ó ní, ó la àtẹ́lẹwọ́, sítíkà wà lórí rẹ̀. "Kí lí yìí?"

"Sítíkà lí," Àbẹ̀ẹ́bí dá a lóhùn.

"Ṣé ẹ̀fọ́ lí ń so ó?"

"Rárá, ọma mi."

"Bí mo bá tún rí i, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ùsọ lí mo máa ra ẹ̀fọ́." Ó gbé sítíkà náà sórí àga, ó sì lọ.

Àbẹ̀ẹ́bí jókòó ti àga náà títí ẹ̀wà tó gbé kaná fi jóná. Bí Veronica bá lọ, oúnjẹ lọ nìyẹn, nítorí pé ohun tí Lábísí ń tà lọ́jà kò tó nǹkan. Nígbà tó rò ó títí, ó rántí pé ohun tí ẹnu kò bá lè sọ, àwọn baba wa máa ń fi àrokò rán an. Kò ní sọ ohunkóhun. Yóò kàn dá sítíkà Tíṣà padà fún un, kó fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ọ̀mọ̀wé ni, yóò túmọ̀ rẹ̀.

Ó da sítíkà inú agolo sílẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé a kì í dá nǹkan oníǹkan padà pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ó wá pátákó tó dán tí yóò tò wọ́n sí. Èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni wàláà tí Rùfáì fi kọ́ kéwú nígbà èwe. Ó fi ẹ̀kọ díẹ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn ní ìlà ní ìlà, ó kó àwọn tó jọra pọ̀, ó sún sẹ́yìn wò ó, ó sì dára lójú rẹ̀. Ní òwúrọ̀, kí ilé Akínwọlé tó jí, ó da bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sínú bàsíà, ó gbé wàláà náà sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó bá tirẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbà pé òun ti ṣe é pẹ̀lú ọgbọ́n àgbà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Tíṣà rí nígbà tó ṣílẹ̀kùn. Ó rí wàláà àwọn àáfà. Ó rí àjẹkù òun àti ọkọ òun àti ọmọ òun, tí ẹnì kan ti ṣà jọ, tó fọ̀, tó tò ní ìlà ní ìlà pẹ̀lú nọ́ńbà. Ó ti gbọ́ nípa hàǹtú, èyí tí àáfà máa ń kọ sára wàláà, tí wọ́n ń fi omi ṣàn án fún aláìsàn mu. Ó sì mọ̀ pé oògùn tó bá lè woni sàn, ẹnì kan á mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà. Ó rántí pé ìgbéga ọkọ òun ní Àkúrẹ́ ti ń bọ̀ láti ọjọ́ yìí, kò dé. Ó rántí pé inú run òun nígbà ọdún Àjíǹde, lẹ́yìn tí òun jẹ ẹ̀fọ́ Àbẹ̀ẹ́bí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Kò pariwo. Ó ránṣẹ́ pe Láníyì, katikíìsì ìjọ wọn. Láníyì wo wàláà náà láti ẹnu ọ̀nà, ó gbàdúrà sí i láti ẹnu ọ̀nà, ó sì ní kí wọ́n jó o. Kò sẹ́ni tó gbà láti gbé e. Láníyì rántí pé òun ní ìpàdé. Báyìí ni wàláà ṣe wà níbẹ̀, tí ìgò òróró àdúrà tí Láníyì fi sílẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ìdílé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ilé yí po kí wọ́n tó dé ilé ìdáná.

Nígbà tí Àbẹ̀ẹ́bí padà dé ibẹ̀, kò bá bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó rò pé wọ́n gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì, bọ́kẹ́ẹ̀tì ilé tó tẹ̀lé e náà kò sí níta. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bàsíà ń lọ lófìfo, ó ń bọ̀ lófìfo. Kálukú ti ń jó ìdọ̀tí rẹ̀, èéfín ń rú láti ẹ̀yìnkùlé kan sí òmíràn, ó sì ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé. Kò sẹ́ni tó bú u. Kò sẹ́ni tó pè é ní àjẹ́. Ńṣe ni wọ́n ń kí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ń kúnlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n òdìkejì ojú títì ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀.

Lábísí ló gbọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jà, tó gbé ẹ̀fọ́ padà wálé bó ṣe gbé e lọ. Veronica náà ti kọ̀ ọ́. Kì í ṣe nítorí pé ó tún rí sítíkà.

"Wọ́n ní ẹ di ìgbéga bàbá Christopher mọ́ wàláà," Lábísí sọ fún ìyá rẹ̀.

"Ìgbéga?" Àbẹ̀ẹ́bí ní. "Mé è mọ̀ pé kò tíì dé."

"Wọ́n ní ẹ mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Kì í ṣe ti ẹ̀fọ́ nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń tà jẹun. Obìnrin tó bá ti darúgbó, tí kò lọ́kọ mọ́, orúkọ rẹ̀ ni ògiri tó yí i ká; bí ìyẹn bá wó, ẹnikẹ́ni lè sọ òkò wọlé. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó mọ ìyá arúgbó kan tí wọ́n kọ́kọ́ ń kí báyìí láti òdìkejì ọ̀nà, tí wọ́n sì lé kúrò nílé nígbẹ̀yìn, òun àti ẹní rẹ̀. Ó jókòó lẹ́bàá ààtàn, ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà inú bí i, ìbínú náà sì ṣe é lóore ju ẹkún lọ.

Ó dúró de Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Ọjọ́ yẹn ni ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn jáde tọ́jú àyíká. Mọ́tò kì í rìn, wọn kì í ná ọjà, kálukú á wà níta pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ọkọ́, á máa gbá iwájú ilé rẹ̀ tàbí kó máa ṣe bí ẹni tó ń gbá a. Akínwọlé fúnra rẹ̀ wà nídìí gọ́tà, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún. Àbẹ̀ẹ́bí gba àárín gbogbo wọn kọjá, ó kí wọn, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé Akínwọlé lọ sẹ́yìn. Àwọn ènìyàn fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé e. Wọn kò sún mọ́ ọn.

Wàláà ṣì wà lórí àtẹ̀gùn bó ṣe gbé e sí. Adìẹ kan ti yàgbẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, adìẹ náà sì ń jẹ̀ kiri nítòsí láìkú. Àbẹ̀ẹ́bí jókòó, ó gbé wàláà lé itan.

"Tíṣà," ó ní, "wá."

Tíṣà yọ sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ káàárọ̀, Màmá," ó ní, pẹ̀lú Yorùbá ìwé tó ti fi rọ́pò ti ilé láti ìgbà tó ti di igbákejì ọ̀gá.

"Wọ́n ní mo ṣe oògùn sí ọkọ rẹ."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Mo kàn ní kí àwọn ènìyàn máa fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́ ni."

"Ọghọ́ mi yìí lí mo fi di bọ́tìnnì aṣọ ìwé rẹ. Bí mo bá fẹ́ pa ọ́, ìgbà yẹn lí ọrùn rẹ kéré."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín èrò, ó yára fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

"Sítíkà ápù rẹ lí," Àbẹ̀ẹ́bí ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Inú ààtàn lí mo ti ń ṣà á. Ilẹ̀ kò jẹ ẹ́. Mo kó o wá kó o lè rí i, kó o máa ṣí i kúrò. Ó parí. Mé è wo ohun mìíràn nínú ìdọ̀tí rẹ." Ó ronú díẹ̀. "Mo rí i pé ẹ̀ ń da iyán tó dáa nù, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kàn mí."

Tíṣà ń wo wàláà. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ gbà gbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló dúró tì í, òun náà ló sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láàárín wọn. Ó ṣòro kí ènìyàn pa iná tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá lójú àwọn tó pè wá yá a.

Nílẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá fura sí oúnjẹ rẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àbẹ̀ẹ́bí ní kí wọ́n bu omi fún òun. Kò sẹ́ni tó mira. Akínwọlé, tí ẹrẹ̀ gọ́tà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ló wọlé lọ bu omi sí ife, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Àbẹ̀ẹ́bí ṣí sítíkà àkọ́kọ́ kúrò lára wàláà. Ó ká a, ó ní "Bísímíláì," ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó fi omi lé e. Ó ṣí òmíràn. Ó fara balẹ̀, ó ń parí ìlà kan kó tó bọ́ sí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ọ̀kan há a díẹ̀. Èrò sún sẹ́yìn. Ó gbé e mì.

"Ohun tí ilẹ̀ kò jẹ," ó ní, "èmi ti ń jẹ ẹ́. Bí oògùn lí, ẹ óò gbọ́ ikú mi. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ kó ìdọ̀tí mi wá fún mi."

"Màmá, ó ti tó." Omi ti lé sójú Tíṣà. "Ẹ má gbé èyí tó kù mì. Nọ́ńbà ọjà lásán ni, mà. Ó máa ń wà lára gbogbo ápù."

"Mo mọ̀," Àbẹ̀ẹ́bí ní, ó sì gbé èyí tó kù mì.

Àdúgbò dúró de ikú rẹ̀. Àwọn tí kò gba iwájú ilé rẹ̀ mọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdí tí wọ́n fi ní láti gba ibẹ̀. Wọ́n ń bá a nídìí ààtàn, ó ń fi ṣọ́bìrì yí i. Inú kò run ún. Ibi tí sítíkà náà gbà jáde, kò wá wọn lọ síbẹ̀. Veronica ránṣẹ́ wá gba ẹ̀fọ́, kò sọ ìdí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbéga Akínwọlé kò dé ní ọdún náà, kò sì dé ní èyí tó tẹ̀lé e; wọn kò rí ẹni tí wọn óò dá lẹ́bi mọ́ àfi ìjọba.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ilé Akínwọlé ló dé kẹ́yìn. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó ṣì wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, orúnkún rẹ̀ sì wọ inú ilẹ̀dú.

"Ẹ má bínú sí mi, Màmá. Ẹ̀rù ló bà mí."

Àbẹ̀ẹ́bí ní kó dìde, pé ẹ̀rù máa ń ba ènìyàn. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó tú ìdọ̀tí náà wò lójú onílé. Èèpo iṣu ló wà níbẹ̀, àti èèpo ápù. Kò sí sítíkà kankan.

Tíṣà wá mú odindi ápù kan jáde látinú báàgì rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ṣí sítíkà rẹ̀, ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ṣì hàn. "Ẹ gbà, mà, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ ò jẹ ẹ́ rí."

Òótọ́ ni. Èèpo ni Àbẹ̀ẹ́bí mọ̀. Kò jẹ ápù rí láyé rẹ̀. Ó gbà á, ó yí i lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nà án padà sí Tíṣà.

"Tọ́ ọ wò," ó ní.

Tíṣà wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣe eré ni. Kò rí eré níbẹ̀. Ó gba ápù náà, ó bù ú jẹ pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Àbẹ̀ẹ́bí dúró títí ó fi gbé e mì, ó tún dúró díẹ̀ sí i, kó tó na ọwọ́ gba èyí tó kù.